Ojú Kan, Fọ́tò Méjì

Èmi ni àbúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wa. Bí a ṣe ń ka ìbejì nìyẹn: ẹni tó kọ́kọ́ dé, iṣẹ́ ni wọ́n rán an, kó lọ tọ́ ayé wò; ẹni tó rán an níṣẹ́ ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ adùn ipò yẹn títí a fi lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun ló ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú abọ́, òun ló ń pinnu ohun tí a ó wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí mo bá ráhùn, á wò mí bí ẹni tí ẹnu ń yà, á ní, "Ṣé o ti jábọ̀ iṣẹ́ tí mo rán ọ?"

Ọdún mẹ́fà la fi jọ gbé ní Mowe. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, èmi àti ìyàwó tèmi ti tú ká tipẹ́, àwọn ọmọ sì ti fọ́n ká. Ẹni tó sún mọ́ wa jù nínú wọn wà ní Kánádà. Ẹ̀gbọ́n mi kó kúrò ní Àgbàdo, níbi tí reluwé ti ń fi fèrè jí i, ó ní òun fẹ́ ibi tó dákẹ́. Mowe dákẹ́ lóòótọ́. Àwọn ará òpópónà wa a máa jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kì í padà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí a wà ní méjì, ìdákẹ́jẹ́ náà tù wá lára.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló mú ẹ̀gbọ́n mi lọ nígbà ọyẹ́. A sin ín sí ilé bàbá wa ní Ifo. Àwọn ọmọ wá, wọ́n sunkún, wọ́n padà. Láti ìgbà náà, èmi àti ewúrẹ́ ilé kejì là ń ṣọ́ òpópónà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. N kì í bá ewúrẹ́ náà sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dá wà, mo sì ń bínú. Lọ́tẹ̀ yìí òun ló kọ́kọ́ lọ, kò sì jábọ̀.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ṣe ní Ifo fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kí fóònù tó sọ gbogbo ayé di fọtogíráfà. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, fọ́tò ìbejì ni mo fi ń yangàn. Ìyá kan á gbé ọmọ kan ṣoṣo wá, á ní òun fẹ́ kí n ya àwọn ọmọ òun. N kì í béèrè ibi tí èkejì wà. Èkejì ti lọ kí wọ́n tó rí i yà. Màá gbé ọmọ tó kù sí apá ọ̀tún àga, màá yà á. Màá gbé e sí apá òsì, ìyá á pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ bó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan obìnrin kan ni wọ́n, màá tún yà á. Nínú yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fọ́tò, màá bo ìdajì bébà, màá tẹ ọ̀kan síbẹ̀, lẹ́yìn náà màá ṣí ìdajì kejì, màá tẹ èkejì. Bí bébà náà bá jáde nínú omi, ọmọ méjì á jókòó ti ara wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni ìlà àárín, níbi tí fọ́tò méjèèjì ti pàdé. Ọwọ́ òpè á jẹ́ kó hàn. Tèmi kì í hàn. Ìyá á gbà á, á wò ó títí, á sì lọ fi kọ́ ògiri. Kò sí ẹni tó pe èyí ní irọ́, èmi náà kò pè é bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ̀gbọ́n mi tó kú, àwa méjèèjì ti fi orúkọ sílẹ̀ lórí fóònù mi fún káàdì ìlera àwọn àgbàlagbà. Ẹni tó bá ní káàdì náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á máa fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn, àwa méjèèjì sì ń lò ó. A ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, fọ́tò ojú ló kù. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni wọ́n ní yóò yẹ ojú wa wò, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn kọ́, títí tó fi ń dá ojú mọ̀ fúnra rẹ̀. A ń sún fọ́tò náà síwájú ni, lónìí, lọ́la. Ikú kò sún tirẹ̀ síwájú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù rán mi létí pé fọ́tò méjì kù. Mo ya tèmi. Fóònù ní ó ku ọ̀kan. Àyè ẹ̀gbọ́n mi ṣófo, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo wo àyè náà títí. Mo dìde, mo mú fìlà rẹ̀ lórí ìṣó, mo dé e, mo tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún bó ṣe máa ń ṣe, mo fi gíláàsì rẹ̀ sójú, mo bọ́ sí apá kejì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wá láti ibòmíràn, mo ya fọ́tò. Kì í ṣe pé mo fẹ́ gba oògùn rẹ̀. N kò tilẹ̀ rántí oògùn. Ọwọ́ mi ti ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọgbọ̀n ọdún, kò lè fi apá kan sílẹ̀ lófìfo. Nígbà tí àwa méjèèjì fara hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, inú mi dùn. Mo rẹ́rìn-ín sókè nínú ilé tó ṣófo.

Ẹ̀rọ náà kò bá mi rẹ́rìn-ín. Kí n tó bọ́ fìlà, ó ti kọ ọ́ pé ojú kan náà ló wà lórí orúkọ méjì, òun sì ti dá méjèèjì dúró.

Nígbà tí oògùn mi ku díẹ̀ kó tán, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Mowe. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sì pariwo.

"Háà! Bàbá, ṣé ìbejì ni yín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ má dá a lóhùn jàre. Kọ̀ǹpútà yìí ò mọ ìbejì rárá. Màmá kan wà ní Ibafo, ohun tó ṣe fún àwọn ọmọ ẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n máa ṣe mítìn lórí ẹ̀ ní Tọ́sìdeè. Àwọn ìjọba máa wà níbẹ̀, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà máa wà níbẹ̀. Ẹ wá, sà. Ẹ wá sọ tiyín." Ó kó oògùn ọ̀sẹ̀ méjì lé mi lọ́wọ́. "Bàbá kejì ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti béèrè ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mi bí ẹni tó wà láyé. Mo ní, "Wọ́n wà nílé." Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Irọ́ ni, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì gbé e dání títí mo fi délé.

Gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Ibafo, létí ọ̀nà márosẹ̀, ni wọ́n ti ṣe àpérò náà. N kò lọ nítorí òfin tàbí nítorí ẹ̀rọ. Mo lọ nítorí pé wọ́n á to àga, èèyàn á sì jókòó sí ọ̀tún mi àti sí òsì mi. Ariwo ọkọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn èèyàn ń fi ìwé ìpè fẹ́ ara wọn. Olùkọ́ yunifásítì kan ṣàlàyé pé ohun tí a bá fi han ẹ̀rọ ló ń mọ̀; bí irú ojú tiwa kò bá pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ojúsàájú á wọ inú ìdájọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi. Ó ní ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbọ́dọ̀ ṣòfin tí yóò máa ṣọ́ ọ. Bàbá kan tó ń ta pákó béèrè pé bí ẹ̀rọ bá ṣẹ òun, ta ni òun á mú lọ sí kóòtù. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo gbádùn ara mi, kí n má parọ́.

Lẹ́yìn náà ni màmá tí nọ́ọ̀sì sọ dìde. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì dúró tì í nínú yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé. Ó ní irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n fi forúkọ wọn sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde. Ẹ̀rọ ní ọmọ kan ṣoṣo ni, pé ó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Èmi ni mo bí wọn," ó ní. "Mo mọ iye tí mo bí."

Ọkùnrin tó ṣojú àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà dá a lóhùn jẹ́jẹ́. Ó ní ẹ̀rọ àwọn kì í sábà ṣìnà, pé nígbà mìíràn èèyàn ló ń ya ojú kan lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn pòṣé. Nọ́ọ̀sì fò dìde.

"Bàbá kan wà níbí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún! Ìbejì ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n wọn wà nílé!"

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọkùnrin náà fa bírò yọ, ó ní ó dáa, òun á kó ẹjọ́ méjèèjì pọ̀. Àwọn á lọ bá bàbá nílé lọ́la. Bí ẹ̀rọ bá jẹ̀bi níbẹ̀, á jẹ́ pé ó jẹ̀bi sí àwọn ọmọ náà. Wọ́n gbé makirofóònù fún mi.

Mo dì í mú. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á dé ilé mi lọ́la, fìlà lásán ni wọ́n á bá lórí ìṣó. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i?" wọ́n á sì fi ẹjọ́ tèmi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ yìí. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀, màá fi ẹnu ara mi sọ ohun tí n kò tíì sọ rí. Nígbà ìsìnkú, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá mi sọ ọ́. Mo wo àwọn ọmọ náà. Ojú iṣẹ́ ni mo fi wò wọ́n. Etí ọ̀kan lẹ̀ mọ́ orí, ti èkejì yọ síta díẹ̀. Ìpéǹpéjú òsì ọ̀kan wúwo ju ti èkejì lọ. Méjì ni wọ́n. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú.

"Ẹ yọ tèmi kúrò," mo ní. "Ẹ̀rọ yín kò ṣìnà lórí tèmi. Fọ́tò méjèèjì, èmi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

Mo ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ifo fún wọn, àwọn ìyá, bébà, ìlà àárín. Lẹ́yìn náà mo pe ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ láti orí pèpéle.

"Ẹ wá wo etí ọmọ yìí. Ẹ wo ti èyí. Ẹ̀rọ yín rí ojú kan níbi tí ojú kan wà, ó tún rí ojú kan níbi tí méjì wà. Òun fúnra ẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀. Kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ pe onítọ̀hún, kó wò ó lójú. Bí wọ́n bá pè mí ni, ǹ bá ti sọ òótọ́."

N kò dá ara mi lójú lórí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, ó wo etí wọn, ó tún un wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣí orúkọ àwọn méjèèjì.

Nígbà tí mo jókòó, ìyá àgbàlagbà kan lẹ́yìn mi fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o," ó ní. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí mi bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn tó wà níwájú, títí gbogbo gbọ̀ngàn fi ń kí mi, àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí. Nọ́ọ̀sì ń sunkún. Mo ní, "Ẹ ṣé, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́." Nígbà tó yá wọ́n tú ká, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, èmi náà wọ ọkọ̀ padà sí Mowe.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì pè mí pé wọ́n ti ṣí tàwọn ọmọ náà. Ó ní wọ́n ṣetán láti ṣí tèmi, àmọ́ èmi fúnra mi ni mo gbọ́dọ̀ yọ fọ́tò kejì kúrò. Ó fẹ́ wá bá mi ṣe é. Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ṣí fóònù. Àwa méjèèjì wà níbẹ̀, èmi láìdé fìlà, òun pẹ̀lú fìlà tó tẹ̀ sí ọ̀tún. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín wa. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ gbìyànjú láti fi í pamọ́. Wọ́n kọ ìbéèrè kan sísàlẹ̀: Èwo nínú àwọn wọ̀nyí ni kì í ṣe ẹ̀yin?

Èmi ni, àwọn méjèèjì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìka mi tó gbà. Mo tẹ ẹni tó dé fìlà, ó lọ, ó sì ku èmi.