Èéjì Màmá nínú Buráúsà tí Kì Í Fi Fọ́tò Hàn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú kan náà ni èmi àti ìyá mi, tí wọn ò ríran mọ́, fi wo ọmọ lónìí.

Kọ̀ǹpútà mi ní Igbó-Ọrà ti gbó. Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí rẹ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo gbé buráúsà fúyẹ́fúyẹ́ kan sí i, irú èyí tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ tòun ti àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo fi ṣí ojú-ewé tí àbúrò mi fi dísìkì rán sílé láti òkè òkun, pé fọ́tò àwọn ìbejì òun wà níbẹ̀.

Kò sí fọ́tò. Ọ̀rọ̀ nìkan ni buráúsà náà ń fi hàn.

Màmá ti jókòó tì mí. "Ta ni wọ́n jọ?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Tí fọ́tò bá dé, "Wọ́n rẹwà, Màmá" ni mo máa ń sọ, ó parí.

Lónìí, mo ka ohun tí àbúrò mi kọ sí ààyè fọ́tò: "Kẹ́hìndé ń sùn. Táíwò ń rẹ́rìn-ín, èéjì Màmá wà lẹ́nu rẹ̀."

Màmá fi ìka kan èéjì tiwọn.

"Alihamudulilahi. Kí ló dé tí o kì í sọ ọ́ báyìí fún mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Buráúsà yìí ni ò jẹ́ kí n rí fọ́tò."

"Má yọ ọ́ kúrò o. Tún un kà."

Mo kà á títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, mo di ojú tèmi náà, mo sì rí Táíwò.

Ẹ̀yin tí buráúsà tiyín ń fi fọ́tò hàn, ṣé ẹ máa ń rí àwọn tó wà nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀?