Ẹyẹlé Tó Wà Lórí Gìtá Àbúrò Mi

Ẹ má bi mí ohun tí imú àgbàlagbà ọkùnrin ń wá nínú ihò gìtá, nítorí títí dòní mi ò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú bá ti pọ́n, àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan á kóra jọ sí pálọ̀ ilé wa, kálukú pẹ̀lú gìtá lẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa gba gìtá lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á ti imú bọ ihò rẹ̀, wọ́n á fà á símú, wọ́n á dijú, wọ́n á mi orí. "Ojúlówó nìyí," ọ̀kan á wí. Èkejì á ní kí wọ́n gbọ́ òórùn ti òun náà ná. Yàrá ẹ̀yìn ni mo ti ń ránṣọ, ilẹ̀kùn mi kọjú sí pálọ̀, kò sí èyí tí mi ò rí níbẹ̀. Ó ń rí mi lára.

Àbúrò mi ni olórí wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn ní gìtá lọ́sàn-án, kó sì máa ta á dá àwọn tó ń jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì lára yá bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ọmọlúàbí ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kì í mutí, kì í jà, kì í tẹ̀lé obìnrin kiri. Gìtá ló ń tẹ̀lé. Kì í sì í ṣe gìtá ṣáá o, oríṣi kan ṣoṣo ni, èyí tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń ya ẹyẹlé sí lórí. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fi ń pe àbúrò mi ládùúgbò. Bí ẹ bá fi gìtá mìíràn lé e lọ́wọ́, á gbà á bí ẹni gba ìlédìí ọmọ tuntun, ìka méjì péré.

Mo ti bi í nígbà kan pé kí ló dé, ṣebí okùn mẹ́fà náà ló wà lára gbogbo wọn. Ó jókòó, ó ṣàlàyé, ó sì yé mi. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ ló fa Ẹlẹ́yẹlé àkọ́kọ́ lé òun lọ́wọ́. Ó ní bí ọrùn rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àtẹ́lẹwọ́ òun ṣe kọ́ láti là, tó fi jẹ́ pé bí òun bá dijú, ìka òun mọ ọ̀nà ilé. Ó ní ohùn rẹ̀ máa ń padà wá dún sí òun láyà, pé ti àwọn yòókù dà bí ohùn àlejò. Mo ní ó dáa. Èmi náà ní àlùmọ́gàjí kan tí mi ò lè fi ṣe pààrọ̀. Ṣùgbọ́n èmi máa ń nu àlùmọ́gàjí mi.

Àbúrò mi kì í nu gìtá. Èèwọ̀ ni nínú ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní òógùn ọwọ́ ni igi ń mu tí ohùn rẹ̀ fi ń jinlẹ̀, pé ẹni tó bá fi aṣọ tútù nù ún ti nu ohùn kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà ọrùn gìtá rẹ̀ ti dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, okùn rẹ̀ ti dógùn-ún, bí ẹ bá sì gbọ̀n ọ́n, ẹyin aáyán á máa ró wọ́ọ́wọ́ọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fà símú nìyẹn, tí wọ́n ń pè ní òórùn igi àtàtà.

Òwe kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀: "Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ìṣòro kó yẹrí." Bí mo bá ti ní kó wo gìtá mìíràn, òwe yẹn ló ń bọ̀. Ó ní gìtá òun kò já òun jù sílẹ̀ rí, òun náà kò sì ní já a jù sílẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé igi ni. Á ní, "Àǹtí, aṣọ lẹ mọ̀."

Ó bí ọmọbìnrin kan, Kékeré la ń pè é. Ìyá rẹ̀ ṣaláìsí nígbà tí ọmọ ṣì ń rá, ẹ̀yìn mi ló sì dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ ọ ní gìtá láti ìgbà tí gìtá ti ga jù ú lọ. Ọmọ náà wá gbọ́ iṣẹ́ ọ̀hún ju bàbá lọ, bàbá sì mọ̀, kò bínú sí i. Ó tilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe orin kan fún un, èyí tó le débi pé ọwọ́ òun alára tó ti ń gan kò gbé e. Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé ọjọ́ tí Kékeré bá ta orin yẹn délẹ̀ láìṣìṣe, tó ṣojú òun, òun ti jèrè ayé.

Ilé ẹ̀kọ́ orin kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ irú wọn di ọ̀gá. Ọdọọdún ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ wá ta ohun tí wọ́n mọ̀, díẹ̀ ni wọ́n ń mú nínú wọn, wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ọdún tí mò ń sọ yìí, Kékeré ti pé e. Bí kò bá wọlé, ó parí nìyẹn, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló ń bọ̀. Ọmọ náà kò fẹ́ ránṣọ. Èmi náà kò fẹ́ kó ràn án, nítorí kò lè ran etí aṣọ kan kó tọ́.

Bàbá rẹ̀ wá ra Ẹlẹ́yẹlé tuntun fún un. Ó ń dán, ẹyẹlé funfun wà lórí rẹ̀, ọmọ dunnú, èmi náà dunnú pé a rí èyí tó mọ́ nínú ilé. Kò pẹ́ sígbà náà tí ikùn gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Pákó iwájú rẹ̀ ń wú díẹ̀díẹ̀, igi kékeré tó di ìdí okùn mú lórí ikùn náà sì ń gbé ẹ̀yìn sókè. Okùn wá ga kúrò lára ọrùn, gbogbo agbára ni Kékeré fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ̀ bó, ó wú, ó ń ṣe omi. Èmi ni mò ń po omi iyọ̀ gbígbóná fún un kó máa ki ọwọ́ bọ̀ bó bá ta á tán.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbé gìtá náà kalẹ̀ láàárín ara wọn. Onígbàjámọ̀ tó ń gé irun gbogbo àdúgbò, tó jẹ́ igbá kejì àbúrò mi nínú wèrè yìí, fọwọ́ pa á níkùn. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. "Igi ń dàgbà ni," ó ní. "Ohùn ló ń kún un nínú." Wọ́n ti imú bọ̀ ọ́, wọ́n mi orí. Mo bi wọ́n láti ìdí ẹ̀rọ mi pé oṣù wo ló máa bímọ. Wọ́n tún ti imú bọ̀ ọ́.

Mo dìde, mo mú téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ igi ìdí okùn. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo ní, "Ẹ wò ó, ó ti ń ṣí. Bí a bá ń fa aṣọ tí ojú rírán rẹ̀ ò dúró, yóò tú." Ayàwòrán kan wà lára wọn, ó rọra sọ pé òun gbọ́ pé ilé iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò báyìí kì í mú igi dáadáa, ẹyẹlé orí nìkan ló kù nínú ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n wò ó bí ẹni tó tutọ́ sí pálọ̀.

Mo ní ká yá gìtá mìíràn fún ọmọ náà. Àbúrò mi ní ọmọ òun ò ní gbé igi aláìlórúkọ wọ ibẹ̀. Mo yíjú sí Kékeré pé kó sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀lé mi wọ yàrá, ó ní, "Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀. Inú Bàámi á bàjẹ́." Ìka rẹ̀ wà nínú abọ́ omi iyọ̀ nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ pé, a lọ. Yàrá gígùn kan ni. Tábìlì wà níwájú, èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n to àga sí ìsàlẹ̀ yàrá fún àwọn ará ilé, gìtá bíi mélòó kan sì wà lára ògiri. Kékeré jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ orin bàbá rẹ̀. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú. Ó ń lọ dáadáa. Ó kù díẹ̀ kó dé ibi tó ti máa ń ṣì í nílé nígbà tí nǹkan dún gbàà. Igi ìdí okùn tú kúrò lára ikùn gìtá, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nà án lẹ́yìn ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Ojú ibi tó ti tú ṣí sílẹ̀ gbayawu, gọ́ọ̀mù ibẹ̀ ń yọ̀ bí ikun imú.

Obìnrin tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn mẹ́ta náà kò pariwo. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Nu ọwọ́ rẹ. Mú ọ̀kan lára ògiri, kó o tún un ta láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo ní ọpẹ́ ni. Àfi bí àbúrò mi ṣe dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ẹ jẹ́ ká lọ lẹ̀ ẹ́, ká padà wá lọ́la. Ọwọ́ ọmọ mi ò mọ ìyẹn. Ẹlẹ́yẹlé ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀."

Obìnrin náà ní kò sí ọ̀la, òní làwọn ń parí.

Kékeré wo bàbá rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn fẹ́ kó jókòó ni. Àbúrò mi lọ síwájú, mo rò pé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ lọ dì mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé gìtá tó tú, ó kó okùn rẹ̀ jọ, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ọwọ́ ọmọ ń ṣẹ̀jẹ̀, igi ló gbé.

Ìríra tó bá mi lọ́jọ́ náà kò tíì kúrò lára mi. Mo mú àjákù aṣọ kan nínú báàgì mi, mo lọ fi di ọwọ́ ọmọ náà. Mo ní, "Kékeré, èmi wà níbí." Mo padà lọ jókòó.

Ó mú gìtá kan lára ògiri. Kò sí ẹyẹlé lórí rẹ̀, kò sí nǹkan kan rárá níbẹ̀ àfi ojú ibi tí ọwọ́ àwọn ọmọ ti ha á. Ó yí okùn rẹ̀ títí ó fi bára mu, ó tẹ ìka mọ́ ọn, mo sì rí i tó gbójú sókè, tí ẹnu yà á. Kò dùn ún lọ́wọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀.

Èmi ò mọ orin, ẹ má jẹ́ n purọ́. Mo mọ̀ pé èyí tó ti ń wo aago láti àárọ̀ nínú àwọn mẹ́ta náà gbàgbé aago. Mo mọ̀ pé ó dé ibi tó ti máa ń ṣì í, ó gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni gba ojúlé ara rẹ̀ wọlé, ó sì ta á délẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

A bá àbúrò mi lórí àtẹ̀gùn níta. Ó ti ti imú bọ ihò gìtá náà. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó rí Kékeré lẹ́yìn mi pẹ̀lú àjákù aṣọ lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Àǹtí, ẹ ò bá mi rí èèkàn kékeré kan tó já bọ́ níbẹ̀, èyí tó ń di okùn mú?"

Kékeré ló dá a lóhùn. Ó ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi, Bàámi," ó sì nà án sí i.

Wọ́n gba Kékeré wọlé. Ilé ẹ̀kọ́ náà fún un ní gìtá aláìlórúkọ ọ̀hún kó máa lò lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ ló sì ń fi í sí. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀gbẹ́ni mi tún pé sí pálọ̀, wọ́n tẹ́ gìtá tó tú sórí tábìlì bí òkú, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Onígbàjámọ̀ ní ọwọ́ ọmọ náà ló le, Ẹlẹ́yẹlé kì í fẹ́ ọwọ́ líle. Àbúrò mi mi orí. Mo gbé ìgbálẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá abẹ́ ẹsẹ̀ wọn, mo gbá a títí àwọn àlejò rẹ̀ fi gbé gìtá wọn, tí wọ́n wá ilé wọn lọ.

Láti ìgbà náà, Kékeré kò ta orin bàbá rẹ̀ nílé mọ́. Bàbá ti ní kó ta á fún òun. Ọmọ kò rí i fín, ó kàn ní, "Ọwọ́ ṣì ń dùn mí, Bàámi." Ọwọ́ náà sì ti jiná tipẹ́.

Lánàá ni àbúrò mi wá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Kò gbé gìtá dání.

"Àǹtí, ṣé ó ta á délẹ̀?"

Mo ní ó ta á délẹ̀.

"Ibi tó ti máa ń ṣì í yẹn," ó ní, "báwo ló ṣe gbà á?"

Mo wò ó. Mo rántí àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà.

"Lọ bi ẹyẹlé rẹ," mo ní, mo sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ mi.