Ilé Mẹ́ta Tí Wọ́n Fún Àbúrò Ìyàwó Mi

Nígbà tí ìyàwó mi kú ní Berlin, ìyá rẹ̀ kò rí físà gbà láti Nàìjíríà. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí lórí fóònù: kí n má jẹ́ kí wọ́n bo ọmọ òun mọ́lẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀ òun níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Hamburg nìkan ni ẹbí wọn ní ní gbogbo Jámánì. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí i. A fi ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì.

Ọlọ́pàá mú un ní ibùdókọ̀ ojú irin Hamburg nígbà tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀sùn rẹ̀ kò ju pé ó ti wọ ọkọ̀ láìsanwó nígbà mélòó kan lọ. Ilé ẹjọ́ ti kọ̀wé pè é, ṣùgbọ́n ilé tó ti kó kúrò ni ìwé náà ń lọ. Kò ní Anmeldung, ìyẹn ni pé ìjọba kò mọ ibi tó ń gbé. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ló ń sùn káàkiri. Nígbà tí kò yọjú, adájọ́ ní kí wọ́n mú un níbikíbi tí wọ́n bá ti rí i.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Hamburg. Wọ́n mú un kọjá lára mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ó kí mi kú ìrọ́jú.

"Bọ̀dá, ọjọ́ tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì gan-an ni wọ́n mú mi."

Lọ́yà tí mo gbà ti là á yé mi pé kì í ṣe owó ni adájọ́ yóò béèrè lórí irú ẹ̀sùn kékeré báyìí. Ó fẹ́ mọ̀ pé wọ́n á rí i nígbà tí wọ́n bá tún pè é ni. A ti ṣètò pé ilé mi ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin, ni yóò máa gbé. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára àpótí lẹ́tà.

Àgbà méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Hamburg ti jókòó síbẹ̀ kí n tó dé. Mo sọ fún wọn pé lọ́yà ti parí ètò, kí wọ́n kàn bá wa gbàdúrà. Èyí tó dàgbà jù rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Ọ̀gá, ìwé lẹ mọ̀. Ta ló ń lọ gba béèlì láìkó èèyàn lẹ́yìn?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé lóòótọ́. Bí wọ́n bá ti ọmọ kan mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá, àdúgbò á dìde, olúkúlùkù á ní ọmọ òun ni, ilé òun ló ń sùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ní èèyàn.

Adájọ́ ní kí ẹni tó bá mọ ibi tó ń gbé wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbà àkọ́kọ́ ní ilé òun ni, pé ó ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀. Èkejì ní ọ̀dọ̀ òun ló ti ń jẹ, tó ti ń sùn. Nígbà tó kàn mí, mo sọ ti Wedding. Adájọ́ kò gbóhùn sókè. Ó ní ẹni tó ní ilé mẹ́ta ní ìlú méjì kò nílé kankan lójú òun, ó sì ní kí wọ́n dá a padà sí àtìmọ́lé.

Níta, àgbà tó dàgbà jù náà ń nu ojú rẹ̀.

"A gbìyànjú o. Ó kéré tán, adájọ́ ti rí i pé kì í ṣe ọmọ òrukàn."

Mo ní, "Ó rí i, sà. Ẹ ṣé."

Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí pásítọ̀ ní kí ẹbí olóògbé bọ́ síwájú, kò sẹ́ni tó dìde. Èmi ni mo bu iyẹ̀pẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀, lórí àdírẹ́sì mi yẹn kan náà. Àwọn àgbà méjèèjì pè mí, wọ́n ní àdúrà ti gbà.

Ìyá ìyàwó mi bi mí pé ọwọ́ ta ló kọ́kọ́ kan iyẹ̀pẹ̀.

"Ọwọ́ tèmi ni, Mà."

Ó ní ó dáa. Ọ̀dọ̀ mi ni àbúrò ìyàwó mi ń gbé títí di òní, ìyá wọn sì ṣì máa ń pe fóònù ilé. Bí mo bá gbé e, á kí mi tán, á ní kí n gbé fóònù fún ọmọ òun.