Ìdáríjì Tó Ju Ọkọ Mi Sẹ́wọ̀n

Bí mo bá ń din dùǹdú níwájú ibùdókọ̀ ojú irin ní Tchaourou, mo máa ń ya èyí tó jóná díẹ̀ sọ́tọ̀. Ọkọ mi ló fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà lẹ́wọ̀n ní Parakou, mi ò jáwọ́. Tí ọjà bá tán, màá jẹ ẹ́ fúnra mi, màá sì bú u pé ẹnu rẹ̀ ò mọ oúnjẹ. Ta ló máa ń fẹ́ iṣu jíjóná? Ẹni tí mo fẹ́ ni.

Ọ̀rẹ́ ni òun àti ọkùnrin tí wọ́n ní ó pa. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń roko lọ́nà Goro, oko kajú wọn sì kan ara wọn. Ọ̀rẹ́ yìí a máa já wọlé wa láìkí ẹnikẹ́ni, á ní, "Ìyàwó mi, kí lo sè?" Èmi náà á ní, "Májèlé. Jókòó, màá bù fún ọ." Á jẹun tán, á lá ìka, á ní májèlé náà dùn ju ọbẹ̀ ìyàwó òun lọ.

Igi kajú kan ló ba nǹkan jẹ́. Orí ààlà ló wà. Tẹ́lẹ̀, oníkálukú ń ṣa èyí tó bá já sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí kajú wá di ohun tí àwọn oníṣòwò ń wá dé inú oko, ọkọ mi ní bàbá òun ló gbin igi náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bàbá tòun ni. Àwọn bàbá méjèèjì ti kú, igi ò sì fọhùn. Bí wọ́n ṣe dẹ́kun kíkí ara wọn nìyẹn. Tí ọ̀kan bá ń gba ọ̀tún bọ̀, èkejì á yà sí òsì. Àgbà méjì onírùngbọ̀n! Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lásìkò tí à ń ṣa kajú, wọ́n bá ọ̀rẹ́ náà nínú oko rẹ̀, wọ́n ti ṣá a ládàá. Wọ́n gbé e dé ilé ìyá rẹ̀ lọ́nà Goro, ó ṣì ń mí. Kó tó kú, ó dárúkọ ọkọ mi, ó ní: "Ẹ sọ fún un pé mo ti dárí jì í."

Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló jáde síta. Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo abúlé ti mọ apànìyàn. Wọ́n ní ta lèèyàn ń dárí jì bí kò ṣe ẹni tó ṣe é níkà? Wọ́n ní ẹni tó ń kú lọ kì í purọ́. Àna olóògbé náà dìde, ó ní òun rí ọkọ mi tó ń sáré láàárín igi kajú, tòun tàdá lọ́wọ́. Àwọn ọlọ́pàá jandáàmù dé, wọ́n mú un lọ. Ọkọ mi ní ilé lòun wà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, dùǹdú ló ń jẹ lójú mi. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ni mí, kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ òkú, wọ́n gba ojú alààyè, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n gbọọrọ.

Ẹ̀yin tí ọkọ yín wà nílé, ẹ máa ń ní ẹ fẹ́ sinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi sinmi. Mo sinmi títí ara fi ń ro mí. Híhanrun rẹ̀ tí mo ń bú tẹ́lẹ̀, mo wá ń wá a kiri inú yàrá. Mo máa ń gbọn erùpẹ̀ inú bàtà rẹ̀ dànù láràárọ̀, bíi pé ó fẹ́ wọ̀ ọ́ jáde. Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, mo ní, "O ti rù bí ewúrẹ́ inú ọ̀gbẹlẹ̀." Ó ní, "Ìwọ náà, o ti darúgbó." Inú mi á dùn títí màá fi délé.

Ìbéèrè kan ni kì í yé bi mí: "Ṣé lóòótọ́ ló ní òun dárí jì mí?"

Mo ní, "Ìdáríjì ọ̀hún ló gbé ọ débí, o tún ń béèrè rẹ̀!"

A pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Obìnrin ni adájọ́ tó jókòó sáàárín, ògbufọ̀ sì ń yí faransé rẹ̀ sí èdè wa. Ó kọ́kọ́ pe àna olóògbé, ó bi í bóyá ó rí ojú ẹni tó ń sáré.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí."

"Ìgbà wo lẹ wá mọ̀ pé òun ni?"

"Nígbà tí mo gbọ́ ohun tí olóògbé sọ."

"Kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà nu ojú. "Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn, Màdáàmù. Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Etí ló fi ríran! Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pè mí ní àǹtí ní faransé, ó ní, "Tata, ẹ dákẹ́ tàbí kẹ́ ẹ jáde." Mo fi ìborùn di ẹnu.

Lẹ́yìn rẹ̀ ló pe ìyá olóògbé. Ìyá náà ò wo ọ̀dọ̀ wa rárá. Adájọ́ ò bi í léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ, gbogbo ayé ti gbọ́ ìyẹn. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ bi í tó fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tí omi fi ń tutù. "Ohun tí à ń bi gbogbo ẹni tó bá ń lọ ni. Mo ní, ọmọ mi, ta lo dì sínú? Tú u sílẹ̀, kí ọ̀nà lè là fún ọ."

Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nílé Mùsùlùmí lọ́dọ̀ wa. A kì í jẹ́ kí èèyàn gbé ìjà dání lọ bá Ọlọ́run.

"Ṣé ẹ bi í pé ta ló ṣá a?"

Ìyá ní, "Rárá. Mo rò pé ó ti sọ ọ́ ni."

"Ṣé ó dárúkọ ẹlòmíràn?"

"Ó dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó dárúkọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kika, tí wọ́n jọ jà nítorí màlúù." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ó dárúkọ èmi náà."

Gbogbo ará ilé ló gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn. Ti ọkọ mi nìkan ni wọ́n gbé jáde. Àwa tá a ni àṣà, àwa la gbàgbé rẹ̀. Adájọ́ ní ẹni tó ń kú lọ lè má purọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Wọ́n ní kí ọkọ mi máa lọ sílé. Ẹni tó ṣá ọ̀rẹ́ rẹ̀, a ò tíì mọ̀ ọ́n títí dòní.

Lọ́jọ́ tí ọkọ mi ń bọ̀ wálé, mi ò lọ pàdé rẹ̀. Mo din dùǹdú, mo jẹ́ kó jóná dáadáa, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Alùpùpù kan kọjá, òmíràn kọjá. Dùǹdú tutù. Nígbà tó yá, alálùpùpù kan yà sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Tata, mo ti gbé tonton, ọkọ yín, dé o. Wọ́n ní kí n já àwọn sọ́nà Goro."

Mo di dùǹdú mọ́ra, mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, èébú sì ti kún ẹnu mi. Kí n dúró láti ọjọ́ yìí wá, kó wá jẹ́ pé òkú ló kọ́kọ́ lọ kí!

Mo bá a ní ìdí sàréè lẹ́yìn ilé ìyá olóògbé, ó lóṣòó, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Èmi náà ti dárí jì ọ́. Bàbá rẹ ló gbin igi yẹn." Ìyá jókòó lórí àpótí lókèèrè, kò lé e. Èébú ẹnu mi gbẹ.

Ìyá gbójú sókè, ó rí mi. "Ìyàwó wa," ó ní, "kí lo sè?"

Mo fẹ́ ní májèlé ni. Kò jáde. Mo tú dùǹdú náà sílẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí i ká. À ń jẹ, a sì ń wo ojú ọ̀nà, bíi pé ẹnì kan fẹ́ já wọlé láìkí wa.