Àmì Omi Lára Ògiri Màmá

Ìró ìgbálẹ̀ Màmá onílé wa ní Mushin ló máa ń jí àwa ayálégbé láràárọ̀. Bí wọ́n bá ti ń gbálẹ̀ ni wọ́n máa ń wí pé, "Àlejò ò ní bá ẹ̀gbin nílé tèmi."

Lọ́dún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, omi òjò ya wọ ilé wa, ó mu wá dé orúnkún. Ìjọba ní àwọn máa pín símẹ́ńtì fún ilé tí omi bá bà jẹ́, òṣìṣẹ́ wọn á sì kọ́kọ́ wá wò ó. Ta ló ń gba àlejò sínú ẹrẹ̀? Màmá kó gbogbo wa síṣẹ́. A fọ ilé, a fi ẹfun kun ògiri títí àmì omi fi pa rẹ́. Wọ́n so kọ́tìnì tuntun kọ́, wọ́n ra mínírà sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ náà mu mínírà tán, ó wo ògiri yíká.

"Màmá, omi ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ó dé o, ọmọ mi. A ti tún un ṣe ni."

"Ohun tá a bá fojú rí la máa ń kọ, mà."

Ilé kejì, tí ẹrẹ̀ ṣì kún, ló gba símẹ́ńtì.

Nígbà tí òjò tún dé, ògiri ẹ̀yìn tó ti mu omi wó lulẹ̀. Mo gbé ìgbálẹ̀, àmọ́ Màmá gbà á lọ́wọ́ mi.

"Fi í lẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n wá bá a bẹ́ẹ̀."

Wọ́n gbé àpótí síta, wọ́n jókòó ti ẹrẹ̀, wọ́n ń wọ̀nà. Koríko ti hù lórí àwókù náà kí Màmá tó kú. Àlejò kankan ò wá.