Ohùn tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Sìdíkátù

Láàárọ̀ àná, mo gbọ́ ohùn ọmọdébìnrin kan láti agbo ilé tó kángun sí tiwa. Ó ń pe omi. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń já, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, títí omi fi dá a lóhùn, tó sì kán tó sínú abọ́ tánganran. Ọmọ náà pariwo ayọ̀. Èmi dìde, mo lọ ti fèrèsé.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń dán yín wò kí wọ́n tó fún yín ní káàdì àṣẹ láti pe omi. Nígbà tiwa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀yìnkùlé Alájà Ràbí la ti ń kọ́ ọ, lẹ́yìn tí a bá ti ilé kéú dé. Ogójì ọjọ́ la kọ́kọ́ ń jókòó ti ìkòkò omi láìsọ̀rọ̀, tí à ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń sùn lọ, ṣùgbọ́n Alájà fúnra wọn ló ń hanrun jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹ̀kán kan, kí ó tó kan ti ẹnu kan, kí ó tó kan ti ife kan. Ife kan ni òpin àṣẹ ọmọdé. A kì í pe omi nínú ìbínú, a kì í fi ṣe fọ́ńté, ọmọ ẹ̀kọ́ kò sì gbọdọ̀ pè é nígbà tí olùkọ́ ò bá sí nílé. Ẹni tó bá rú òfin, àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Àṣẹ yóò wá láti Ìkòyí, wọn yóò fún un ní omi iyọ̀ mu. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí omi tí yóò dá a lóhùn mọ́ títí ayé.

Sìdíkátù ni ọ̀rẹ́ mi. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n. Akólòlò ni Sìdí, àmọ́ tó bá ń pe omi, ohùn rẹ̀ á já geere. Alájà máa ń yìn ín lójú gbogbo wa, mo sì ń jowú rẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, Alájà lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìdúmàgbò. Àwa méjèèjì nìkan la wà lẹ́yìnkùlé. Mo ní màá fi han Sìdí pé mo jù ú lọ. Mo dúró létí kànga.

"M-má ṣe é," ló ń wí. "M-má ṣe é o."

Mo fi gbogbo ìbínú inú mi pe omi. Kànga náà ru sókè, ó kún bo ẹnu rẹ̀, ó sì ya wọ yàrá Bàbá Oníwèé, arúgbó Ìjẹ̀bú kan nínú agbo ilé náà tó ń fi ọwọ́ da Kùránì kọ. Orí ẹní ni wọ́n sá àwọn ìwé náà sí kí tàdáwà rẹ̀ lè gbẹ. Mo sá lọ. Sìdí ní tirẹ̀ sáré wọlé. Nígbà tí àwọn àgbà dé, inú omi ni wọ́n ti bá a, ó ru ìwé arúgbó náà lé orí.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ dé. Obìnrin kan nínú wọn bi í bóyá òun ló pe omi.

"Kì í… k-kì í…" Ìkólòlò ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó wò mí.

"Ìwọ ńkọ́?" ni obìnrin náà bi mí. "Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Rárá, mà. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo wà."

Ìyá mi dúró níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n wo ilẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Àwọn òṣìṣẹ́ na abọ́ omi iyọ̀ sí Sìdí. Ó gba abọ́, ó mu ún tán. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo rí i nídìí ìkòkò omi, ó ń pè é, ó ń pè é. Omi dákẹ́.

Kí ààwẹ̀ tó dé, Sìdí àti àwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Obalende. Èmi gba ìwé àṣẹ. Mo fi ohùn mi jẹun, mo fi paná nílé onílé, àwọn ènìyàn ń ṣàdúrà fún mi. Gbogbo àdúrà yẹn ló ń gún mi lára.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú, mo lọ sí Ilé Àṣẹ, mo jẹ́wọ́. Akọ̀wé kan, ọmọ kékeré, fi pẹ̀lẹ́ dá mi lóhùn: "Mọ́mì, a lè pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ohùn tí iyọ̀ ti pa, kò sẹ́ni tó lè jí i." Mo ní kí wọ́n fún mi ní omi iyọ̀ tèmi. Ó ní wọ́n ti fagi lé òfin yẹn.

Mo gba Obalende lọ. Sìdí ń rán fìlà níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀.

"M-mo mọ̀ pé o máa wá," ló wí. "O k-kàn pẹ́ ni."

Mo bi í bóyá ó lè dárí jì mí.

"Mo ti d-dárí jì ẹ́ kí n tó bí àkọ́bí mi. Ṣùgbọ́n má pe omi níwájú mi."

Òfin ti rọ̀ báyìí, ẹ̀yin ọmọ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Wọn kì í gba ohùn ọmọdé mọ́. Àmọ́ òfin kankan ò tíì dé tó lè la ẹnu ẹni tó mọ òtítọ́ tó sì dákẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń lọ sọ́dọ̀ Sìdí. Mo máa ń gbé garawa lọ sídìí ẹ̀rọ omi òpópónà, màá tò sórí ìlà bíi ti gbogbo ènìyàn, màá sì ru omi wá kún àmù rẹ̀. Ọrùn ń dùn mí. Kò sọ pé kí n má rù ú.