Ọkọ Mélòó Lẹ Ní?

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nínú kíláàsì kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgàndò. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀: àgbàlagbà mẹ́sàn-án tó wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ wọn, àti èmi tí mo jókòó sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò olùkọ́ lórí itan.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Àwọn tó ti jáde yunifásítì, tí wọ́n tún padà lọ kàwé kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn tí kò fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe èdè abínibí, èmi ni mo ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe dúró níwájú kíláàsì. Bí wọ́n bá ti ka ìwé tán, mo máa ń mú wọn wá sí Ìgàndò ní Sátidé kí wọ́n wá kọ́ èèyàn gidi. Mo ní òfin kan: bí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ń kọ́ni lọ́wọ́, n kì í dá sí i. Ó di ìgbà tí kíláàsì bá túká kí n tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni “he”, “she” àti “they”. Ọ̀dọ́bìnrin náà mọ iṣẹ́. Ó ya ọkùnrin kan sí bọ́ọ̀dù, ó ya obìnrin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ya èrò sí ìkẹyìn. Ó ní kí oníkálukú sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan nínú ilé rẹ̀. Mo ti mọ ibi tí wàhálà yóò ti wá, nítorí “ó” kan náà là ń pe ọkùnrin àti obìnrin lédè tiwa. Télọ̀ kan dìde, ó ní ìyá òun, “he is a farmer.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

“Ẹ má bínú o,” ó ní, “màmá mi ti di bàbá!”

Ó wá kan ìyá kan tó ń ti Ìjẹ̀gùn wá. Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́ta ọdún, gèlè funfun ni wọ́n máa ń wé, nítorí ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fẹ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní nígbà tí ọkọ àwọn ń ṣàìsàn, àwọn sọ fún nọ́ọ̀sì kan pé “They are sick.” Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn àwọn, ó ní àwọn aláìsàn tó kù dà? Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ wọn gbọ́ ẹ̀rín náà láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni baba kú.

“N kò fẹ́ kí wọ́n tún fi mí rẹ́rìn-ín mọ́,” ìyá náà sọ fún mi. Mo gbọ́, n kò sì sọ fún ọ̀dọ́bìnrin náà.

Ìyá náà dìde, wọ́n di tábìlì mú. “My husband was a driver,” wọ́n ní. “They died last year.”

“Ah-ah, Màmá!” ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ọkọ mélòó lẹ ní?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Télọ̀ fọwọ́ gbá tábìlì. “Àbí ẹ kó àwọn yòókù pamọ́ sí Ìjẹ̀gùn ni?”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, kò sì dún. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti rí i lẹ́nu mi.

“Bàbá kì í ṣe èrò, Màmá. Ẹyọ ẹnì kan ṣá ni. Ẹ sọ pé ‘He died.’”

Ìyá náà mi orí pé rárá.

“Àǹtí,” wọ́n ní, “ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi wà lọ́dọ̀ wọn. N kò pè wọ́n ní ‘ó’ rí, kódà bí a bá ń jà. Ṣé ìgbà tí wọ́n ti wọlẹ̀ ni n ó wá máa pè wọ́n bí ẹni ń pe ọmọdé?”

“Màmá, òyìnbó ò ní ìyẹn nínú èdè wọn. Gírámà ni.”

“Kí òyìnbó máa lo tiẹ̀ lọ́hùn-ún, jàre.”

Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n fi bírò sínú báàgì, wọ́n ní ó dàbọ̀ fún gbogbo wa, wọ́n sì jáde. Òfin mi ni kí n má dá sí i. N kò dá sí i.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, ọ̀dọ́bìnrin náà wá bá mi.

“Sà, ṣé ohun tí mo kọ́ wọn ò tọ̀nà ni?”

“Ó tọ̀nà.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fajú ro?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọsibítù fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.

“Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, sà?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀yin náà sì rẹ́rìn-ín.” Ó dìde, ó nu bọ́ọ̀dù. “Wọn ò ní padà wá o.”

Àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà fún àṣìṣe olùkọ́. Mo kọ síbẹ̀ pé èmi ni n kò sọ fún un.

Mo padà sílé ní Ẹgbẹ́dá. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó wọ ilé-ìwé girama. Káfíńtà ni mí tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi, tó jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ sára pákó, mo gbọ́dọ̀ kà á kí n tó fi ayùn gé e. Nígbà kan, mo sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ pé, “My wife, he is a good teacher.” Àwọn tíṣà yòókù rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Òun kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, ó kọ “she” sára pákó kan, ó ní, “Èdè wọn ló ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀, tó ń ya obìnrin sọ́tọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bà á jẹ́.”

N kò gé pákó yẹn. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí dòní, ṣọ́ọ̀kì náà ti ń ṣá. Ọdún kẹfà rèé tí ìyàwó mi ti kú. Mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ, nítorí náà “ó” ni mo ń pè é, bí àwọn ọkọ ti ń ṣe. Gbogbo ọdún tó fi kọ́ mi, kò fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo sì ti kọ́ olùkọ́ púpọ̀ láìkọ́ wọn ní ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà ìjọ wọn, mo dúró lórí iyẹ̀pẹ̀ títí ìsìn fi parí. Ìyá náà jáde nínú sùtánà funfun. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ dìde, tíṣà. Aṣọ yín á dọ̀tí.”

“Ẹ̀rín àná ni mo bá wá, mà. Ẹ forí jì mí.”

“Mo ti gbàgbé.” Ṣùgbọ́n wọn kò wo ojú mi. “Bí mo bá wá ní Sátidé, ẹ ó tún ní kí n sọ ọ́ bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́, àbí?”

“Ẹ má sọ ‘he’, ẹ má sọ ‘they’. Ẹ sáà máa sọ ‘my husband’ ní gbogbo ìgbà. Ó máa ń gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè ní ó lòdì.”

Wọ́n rò ó. “My husband was a driver,” wọ́n ní, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “My husband died.” Wọ́n tún un sọ, wọ́n fi etí gèlè nu ojú.

“Ṣé ìyàwó yín lẹ kọ́kọ́ kọ́ báyìí?”

“Rárá, mà,” mo ní. “Àwọn ni wọ́n kọ́ mi. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti lọ.”

Ìyá náà wá wo ojú mi.

“Ẹ kú aṣẹ̀yìndè wọn o,” wọ́n ní.